Báàjì Afọwọ́bẹ̀rín

Èmi ni mo jókòó ti ẹ̀rọ tó ń tẹ báàjì níbi ìpàtẹ kajú tí wọ́n ṣe nílùú wa, Sábẹ. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ pa mí. Iṣẹ́ náà kò le. Ẹni tó bá dé yóò dúró níwájú mi lẹ́nu ọ̀nà, n óò tẹ orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yóò sì tẹ báàjì jáde, tí àmì dúdú-funfun onígun mẹ́rin wà lójú rẹ̀. Á gbé e kọ́ ọrùn. Bó bá dé ìdí àtẹ tí ọjà ibẹ̀ wù ú, ọlọ́jà á na ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀ sí báàjì náà, á dún pìì, gbogbo ohun tí mo tẹ̀ á sì bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́jà. Nírọ̀lẹ́, á mọ ẹni tí yóò pè.

Ìyá ọkọ mi wà lára àwọn tó pàtẹ. Òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ti yan kajú, wọ́n ti bó o, wọ́n ti dì í sí àpò. Yàrá tí èmi àti ọkọ mi ń sùn ni wọ́n kó o sí, torí ibẹ̀ nìkan ni òrùlé rẹ̀ kì í jò, débi pé lójú oorun pàápàá, mò ń gbọ́ òórùn kajú. Olùrà kan tí yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Kajú tí a ti bó kì í fẹ́ ọ̀rinrin, bí òjò bá sì bá a nílé, làálàá àwọn obìnrin náà já sí asán nìyẹn.

Ìyá sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà pé, “Ìyàwó, ẹ̀rọ rẹ yìí ni mo gbójú lé o.”

Apá Kétu ni wọ́n ti gbé mi wá. Ìyàwó ilé kì í sì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ó ní láti fún un ní orúkọ tirẹ̀ ni. Èmi náà ti fún gbogbo wọn: Adúmáadán wà, Eyínfúnjowó wà, Akọ́wé wà. Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé, ká bu ìlú Sábẹ sí méjì, ẹbí ọkọ mi ni ìdajì rẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ dé iwájú mi ni àbúrò bàbá ọkọ mi, àgbàlagbà kan tó ga gan-an. Ẹ̀rọ ń béèrè orúkọ. Ọwọ́ mi dúró gbagidi. Orúkọ bàbá náà kò wọ ẹnu mi rí, mi ò sì lè bi í léèrè. Ni mo bá tẹ èyí tí mo ń pè é: Òpó-ilé. Bàbá gba báàjì, ó kà á, ó na ọrùn, ó sì wọ inú gbọ̀ngàn lọ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Ariwo ta. Àwọn ẹbí ọkọ mi tò síwájú mi, olúkúlùkù ń gba tirẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn tí kì í ṣe ẹbí náà fi darapọ̀ mọ́ wọn. Tíṣà kan tí wọ́n gbé láti Pọ̀tọ̀nófò wá síbí dúró tì mí.

“Madáàmù, èmi náà ńkọ́?”

“Ẹ̀yin kì í ṣe ará ilé ọkọ mi.”

“Ẹ ṣáà fi mí kún wọn.”

Mo wo bàtà rẹ̀ tó ń dán yanran nínú eruku ẹ̀ẹ̀rùn, mo tẹ Bàtà-bíi-dígí. Ó yọ̀ débi pé ó gbàgbé láti gba ìwé ètò. Àwọn tó ti gba báàjì gidi ń padà wá gba òmíràn. Ẹ̀rọ kì í gba méjì fún ẹnì kan, nítorí náà mo ní láti pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ kí n tó tẹ tuntun, èrò sì pọ̀, orúkọ nìkan ni mo ń tẹ̀, mo ń fo ìyókù. Orí mi ń wú. Mo rẹ́rìn-ín títí gèlè fi já bọ́ lórí mi. Nínú gbọ̀ngàn, àwọn ọlọ́jà kò jẹ́ na ohunkóhun sí àyà àgbàlagbà láìkí i, wọ́n ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ni, ẹ̀rọ á wá dún pìì láàárín “ẹ kú àárọ̀” àti “ilé ńkọ́?”

Ọ̀sán ni mo rí ọkùnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó ń wò wá. Olùrà kajú ni, Kútọnu ló ti wá, báàjì gidi ló sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ ló fi bo ẹnu. Mo ní kó wá gba tirẹ̀. Mo tẹ Afọwọ́bẹ̀rín. Ó bọ́ ti àtijọ́ dà nù, ó kọ́ tuntun, ó sì lọ tààrà sí ìdí àtẹ ìyá ọkọ mi. Ó tọ́ kajú wò. Ó ní òun yóò kó gbogbo rẹ̀, kí wọ́n pe òun nírọ̀lẹ́ kí àwọn jọ fẹnu kò, torí Pàrákú ni òun ń lọ lọ́jọ́ kejì. Ìyá fúnra rẹ̀ ló na ẹ̀rọ sí i. Pìì. Ó juwọ́ sí mi láti ọ̀ọ́kán, èmi náà juwọ́ padà.

Nírọ̀lẹ́, mo ṣí ẹ̀rọ fún Ìyá. Afọwọ́bẹ̀rín wà níbẹ̀. Nọ́ńbà kò sí níwájú rẹ̀. Àwọn báàjì àtijọ́ sì ti bá ìdọ̀tí lọ sínú iná. Omijé dé ojú mi.

Ìyá ò pariwo. Ó wò mí.

“Ṣé ìwọ lo sọ ọ́ lórúkọ?”

“Èmi ni, Ìyá.”

“Ṣé ó jẹ́ ẹ?”

“Ó jẹ́ ẹ, Ìyá.”

“Ó dáa. Ká pè é.”

Ó gun zémìjàn, alùpùpù akérò, ó di ilé rédíò. Àgbàlá la jókòó sí nígbà tí komúníkè, ìkéde aráàlú, bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ka ti ìsìnkú, wọ́n ka ti màlúù tó sọnù ní Okpara, wọ́n wá kan tiwa: “Ìyá oníkajú ń wá Afọwọ́bẹ̀rín. Ẹni tó bá rí ọkùnrin tó ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, kó sọ fún un pé kajú rẹ̀ wà nílé.” Akéde ò lè kà á parí, ẹ̀rín gbé ohùn rẹ̀ lọ.

Ìlú dàrú. Wọ́n pè wá láti àdúgbò Plateau pé àwọn ti mú télọ̀ kan dání. Àgbẹ̀ kan gun alùpùpù láti Sakin wá, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń búra pé òun ni. Bàtà-bíi-dígí náà wá béèrè bóyá wọ́n ń wá òun. Ẹ̀rín ń pa mí, àmọ́ bí mo bá wo àwọn àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rín náà á pa rẹ́ lẹ́nu mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú ọ̀run ti ṣú lórí àwọn òkè.

Fèrè ọkọ̀ dún lẹ́nu ọ̀nà. Òun ni, pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ àti báàjì lọ́rùn. Ó ní òun ò rí ìpè, òun rò pé wọn kò tà mọ́. Ibi tó ti ń ra epo láti gba ọ̀nà Pàrákú lọ ni rédíò ti tún komúníkè náà kà. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu, obìnrin tó ń ta epo sì kọ̀, kò da epo mọ́. Ó ní, “Ẹ máa lọ ilé oníkajú ná.”

Ìyá bi í pé kí ló dé tí irú rẹ̀ fi lọ gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ kan báàjì ọrùn rẹ̀.

“Àwọn ìyàwó ilé wa ló máa ń pè mí bẹ́ẹ̀ nígbà kékeré. Wọ́n ti kú tán. Pátúrọ̀n, ọ̀gá, ni gbogbo ayé ń pè mí báyìí.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo kúnlẹ̀, mo pè é ní orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dá mi lóhùn.

Òjò ń kán nígbà tí wọ́n di àpò tó kẹ́yìn sínú ọkọ̀, tí wọ́n sì fi tapólì bò ó. Bó ṣe ń lọ, gbogbo àwa obìnrin tò sẹ́nu ọ̀nà, a pariwo Afọwọ́bẹ̀rín. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ìdarí ọkọ̀, kò sí èyí tó lè fi bo ẹnu, ni gbogbo wa bá rí i: eyín iwájú kan ò sí níbẹ̀.

Ìyá ọkọ mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Ó ní, “Orúkọ yẹn ti bàjẹ́, ìyàwó. Lọ tẹ òmíràn.”