Àwọ̀ Tí Kúbúrátù Kì í Gé

Gbogbo ẹni tó bá ti gbé aṣọ lọ bá Kúbúrátù aránṣọ ní Ìmọ̀wò ló mọ̀ pé kì í gba àwọ̀ èsè àlùkò. Ìbáà ṣe léèsì olówó ńlá, ìbáà ṣe àǹkárá lásán, á rọra tì í padà sọ́wọ́ oníbàárà, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn." Àwọn àlejò a máa rò pé èèwọ̀ ìdílé ni. Àwọn ará àdúgbò kì í bi í. Fìlà òtútù tó jẹ́ àwọ̀ yẹn, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń fà bo etí, ló wà lórí Zakariyah, àkọ́bí rẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n yìnbọn pa á ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀. Zakariyah kò ṣe ẹgbẹ́ kankan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló fún un ní fìlà náà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òkùnkùn kan wà tó ń fi àwọ̀ náà dá ara wọn mọ̀, àwọn ọ̀tá ẹgbẹ́ ọ̀hún ló sì rí i. Wọn kò bi í léèrè ohunkóhun.

Nítorí náà, nígbà tí Tìmílẹ́yìn tó ń ṣe fíìmù ti Èkó wá, tó ní kí Kúbúrátù bá òun rán aṣọ fún fíìmù kan nípa àwọn ọ̀dọ́ tó dàgbà sáàárín ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn, gbogbo èèyàn rò pé á lé e jáde ni. Kò lé e. Zayd, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un, tó ń kàwé ní yunifásítì tó wà ní Ìjagun, ni wọ́n mú fún ipa tó tóbi jù nínú eré náà.

"Màmá," ni Zayd wí, "ìtàn Bọ̀ọ̀dá mi ni wọ́n ń sọ. Orúkọ nìkan ni wọn ò dá."

Kúbúrátù ronú sí i títí, ó wá sọ fún Tìmílẹ́yìn pé, "Èmi ni màá yan àwọ̀."

"Èyí tó bá wù yín, Màmá."

Ó béèrè kiri ìlú kó tó yàn. Àwọ̀ kọfí ló mú, nítorí kò sí ẹgbẹ́ tó ń lò ó. Ó rán ṣẹ́ẹ̀tì, ó rán fìlà, ó sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àtijọ́ tí wọ́n ti ń ya fíìmù náà, kí ojú rẹ̀ lè máa wà lára ọmọ rẹ̀.

Òwú tán lọ́jọ́ kan, ó sì jáde lọ rà á. Nígbà tó padà dé, oòrùn ti kan àtàrí, àwọn òṣìṣẹ́ fíìmù jókòó káàkiri, wọ́n ń jẹ ìrẹsì inú páálí. Lórí tábìlì tó to fìlà aláwọ̀ kọfí sí, ó rí ọ̀rá tí wọ́n ti ya, fìlà òtútù kún inú rẹ̀. Èsè àlùkò ni gbogbo wọn.

"Tìmílẹ́yìn, kí nìyí?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Kámẹ́rà ò rí àwọ̀ kọfí yẹn rárá, ńṣe ló ń wọnú ògiri lọ. Mo ní kí wọ́n sáré ra ìwọ̀nyí lọ́jà. Inú ilé nìkan ni wọ́n ti máa dé e."

"Zayd ńkọ́?"

"Òun àti Micah tí wọ́n jọ ń ṣeré jáde báyìí. Wọ́n ní àwọn ò jẹ ìrẹsì. Ìkókórẹ́ ni Zayd fẹ́ lọ fi ṣe Micah lálejò."

"Ṣé wọ́n bọ́ fìlà kí wọ́n tó jáde?"

Tìmílẹ́yìn bojú wo inú ọ̀rá náà. Méjì ò sí níbẹ̀.

Ta ni yóò dá ọmọ Ìjẹ̀bú lẹ́bi? Láti òwúrọ̀ ni ìkókórẹ́ Ìyá Susannah oníbúkà ti ń ta sánsán láti ìsàlẹ̀ òpópónà, tòun ti ẹja gbígbẹ. Ẹni tí irú òórùn bẹ́ẹ̀ bá ń fà nímú kì í rántí ohun tó wà lórí rẹ̀. Kúbúrátù kò sáré. Ẹni tó bá ń sáré ń sọ fún gbogbo ayé pé nǹkan ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ dáadáa títí ó fi yọ síwájú búkà.

Ọ̀kadà méjì ti wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin ló gùn wọ́n wá. Ọ̀kan ti sọ̀kalẹ̀, onírùngbọ̀n, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, kò yọ ọ́. Ìyá Susannah dúró ti ìkòkò, ó di ìgbakọ mú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Zayd ti dìde. Abọ́ rẹ̀ ti dànù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, eré la ń ṣe," ni Zayd ń wí.

Micah ní tirẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Èkó ni, kò mọ ẹnì kankan nílùú náà. Ó rò pé Tìmílẹ́yìn ló rán àwọn wọ̀nyí wá bá wọn dánra wò. Ó na àyà síta, ó ké ọ̀rọ̀ tó há sórí fún fíìmù: "Àwa la ni àdúgbò yìí! Ẹni tó bá kọjá láìkí wa, ilẹ̀ ló máa sùn!"

"Tún un wí," ni onírùngbọ̀n wí jẹ́jẹ́. "Ọ̀gá, ẹ tún un wí, kí n gbọ́ ọ dáadáa."

Kúbúrátù ti wà láàárín wọn. "Micah, pa ẹnu ẹ dé." Ó ṣí fìlà kúrò lórí Micah, ó fi há abíyá. Ó ṣí ti Zayd, ó fà á bo orí ara rẹ̀, lórí híjáàbù tó wọ̀, ó sì fà á bo etí.

"Fíìmù ni. Èmi ni mò ń rán aṣọ wọn. Bí fìlà bá ń bí yín nínú, orí mi ló wà."

"Màmá, ẹ bọ́ nǹkan yẹn."

"Mi ò ní í bọ́ ọ níbí. Àkọ́bí mi dé irú rẹ̀, kò délé. Mo fẹ́ wò ó bóyá èèyàn lè dé e kó sì délé."

Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà kejì wo ilẹ̀. "Ìyá Zakariyah nìyẹn," ló wí. "Ó rán yunifọ́ọ̀mù fún mi rí."

Onírùngbọ̀n tẹjú mọ́ fìlà náà. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀wù. Kúbúrátù ti àwọn ọmọ méjèèjì síwájú, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó gbọ́ tí ọ̀kadà dún, ó gbọ́ tí wọ́n ń rọra tẹ̀ lé e. "Ẹ má bojú wẹ̀yìn," ló ń sọ. Àwọn tó wà lójú ọ̀nà rí obìnrin àgbàlagbà tó dé fìlà àwọn jàgùdà, kò sí ẹni tó kí i.

Lẹ́nu géètì ilé tí wọ́n ti ń ya fíìmù, onírùngbọ̀n dúró ti ẹ̀gbẹ́ Kúbúrátù.

"Ẹ mú ọmọ yín kúrò nílùú yìí, Màmá. Kì í ṣe gbogbo wa ló mọ̀ yín."

Wọ́n yí ọ̀kadà padà.

Nínú ọgbà, Zayd jókòó sórí ilẹ̀. Ó fara ti ògiri, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Tìmílẹ́yìn tó ti ń ráhùn látìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀rù kì í hàn lójú Zayd, na ọwọ́ sí kámẹ́rà. "Zayd, dúró bẹ́ẹ̀, má mira—"

Kúbúrátù fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kámẹ́rà náà. "Ojú yìí kì í ṣe èyí tí à ń tà."

Tìmílẹ́yìn dọ̀bálẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kó dìde.

Kí oòrùn tó wọ̀, Zayd ti wà nílé àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ayépé. Kó tó wọ mọ́tò, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀. Nítorí Bọ̀ọ̀dá mi." Kúbúrátù tì í wọ mọ́tò. Tìmílẹ́yìn ló padà lọ bá.

"Ẹ wá ilé olódi sí Ayépé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jáde tòun ti aṣọ eré. Àwọ̀ kọfí náà ni."

"Màmá, ògiri..."

"Ẹ kun ògiri ní ọ̀dà funfun."

Lẹ́yìn náà ló jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó da gbogbo fìlà inú ọ̀rá sórí itan, ó wá ṣí èyí tó wà lórí rẹ̀ kún un. Ó mú sísọ́ọ̀sì. Ó wá ń gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wẹ́wẹ́, títí kò fi ku ẹyọ kan tó lè bo etí ọmọ èèyàn.