Àwọn Ẹyẹlé Náà Kò Fò Lọ

Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Ọwọ́ mi ni mo fi gbé òkú wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, sínú ọ̀rá dúdú, mo sì ń kà wọ́n sókè bí mo ti ń gbé wọn, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kà wọ́n. "Kà á dáadáa," ni ó wí. "Wọ́n máa bi wá." Kò sẹ́ni tó bi wá. Títí di òní olónìí, kò sẹ́ni tó bi wá.

Ọ̀rọ̀ ajé Dubai ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà ni. Àwọn ilé gogoro tí wọn kò kọ́ parí dúró láìní fèrèsé, kéréènì orí wọn kò sì yí mọ́. Ẹni tó jẹ báńkì ní gbèsè tó sì ń bẹ̀rù ẹ̀wọ̀n a di àpò kan, a forí lé pápákọ̀ òfuurufú. Ohun tí kò bá wọ àpò, a fi í sílẹ̀. Ajá kò wọ àpò. Ológbò kò wọ àpò. Ní àtẹ̀gùn ilé wa ní Hor Al Anz, àdúgbò kan ní Dubai, ológbò funfun onírun gígùn kan, tó dájú pé inú àwo tó mọ́ ló ti ń jẹun tẹ́lẹ̀, ń bá àwọn ológbò ìgboro du egungun adìẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ìjà jà rárá.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jọ gba bedspace, àyè ibùsùn lásán, nínú yàrá kan níbẹ̀. A kì í ṣe ọmọ ìyá. Àjò ló sọ wá di ẹbí. Ẹ̀ṣọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ní ilé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà kan ní Sharjah, ìlú tó bá Dubai pààlà. Èmi ń kàwé ní yunifásítì aládàáni kan nítòsí ibẹ̀, mo sì ń fi òpin ọ̀sẹ̀ ṣe afinimọ̀nà nínú ilé ìpàtẹ kan náà: èmi ni mò ń sọ ìtumọ̀ iṣẹ́ fún àwọn àlejò.

Iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń wá wò wà láàárín àgbàlá. Oníṣẹ́ ọnà kan tó ti òkèèrè wá kó gíláàsì fèrèsé tí wọn kò rí ilé fi sí mọ́, ó fi kọ́ ilé kékeré kan tó mọ́ gaara, ó tẹ́ àwòrán oníbébà sílẹ̀ rẹ̀, ó sì kó ẹyẹlé sínú rẹ̀. Ẹyẹlé àwọn tó sá lọ ni. Orí òrùlé ni wọ́n ti rí wọn nínú àgò, pẹ̀lú abọ́ omi tó ti gbẹ. Wọ́n kọ́ mi ní gbólóhùn tí n óò máa sọ, mo sì há a sórí: "Iṣẹ́ yìí ń bi wá pé, ta ni yóò tọ́jú ohun tí a sá fi sílẹ̀?" Mo fẹ́ràn gbólóhùn náà. Ọjọ́ ìṣíde kọjá, oníṣẹ́ ọnà gba ìyìn, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó padà sílé.

Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí n gbádùn gbólóhùn mi.

"Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé! Ẹ ti ẹyẹlé mọ́lé, ẹ wá ní ẹ̀ ń bá a kẹ́dùn."

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ọnà ni."

"Iṣẹ́ ọnà tó ń yàgbẹ́? Èmi tí mò ń gbá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, ṣé èmi náà ti di oníṣẹ́ ọnà nìyẹn? Kí wọ́n kọ orúkọ mi sára ògiri o!"

Mo rẹ́rìn-ín títí àwọn ará iwájú fi bojú wẹ̀yìn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣe àjèjì sí mi. Nílé wa lọ́hùn-ún, ta ni ń ti ẹyẹlé mọ́lé? À ń ṣílẹ̀kùn fún un láàárọ̀, á fò lọ, tó bá dìrọ̀lẹ́, á padà sórí òrùlé.

Òtútù Sharjah ń lọ nígbà náà, ooru kò tíì dé, ojú ọjọ́ sì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ aṣọ tí yóò wọ̀. Lónìí, afẹ́fẹ́ tútù bí ọyẹ́. Lọ́la, òjò tí ń sọ títì di odò. Lọ́túnla, iyanrìn nínú eyín. Òjò yẹn ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn. Ó gba ihò afẹ́fẹ́ òrùlé gíláàsì wọlé, ó rin àwòrán tó wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọ́fíìsì rán àwọn òṣìṣẹ́ wá, wọ́n fi ọ̀rá nínípọn dí gbogbo ihò náà pa.

Ẹ̀gbọ́n mi bi wọ́n pé, "Afẹ́fẹ́ àwọn ẹyẹ wá ńkọ́?"

Wọ́n ní ojú ọjọ́ ṣì tutù.

Ní ọjọ́ Sátidé tí mò ń wí yìí, ẹ̀wù òtútù la wọ̀ kúrò nílé. Nígbà tí ó fi máa di ọ̀sán, ẹ̀fúùfù aṣálẹ̀ ti dé, oòrùn sì kàn lé gíláàsì lórí. Àwọn ẹyẹlé la ẹnu sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ìyẹ́ wọn sí ìhà bí ẹni tó fẹ́ bọ́ ẹ̀wù. Ọ̀kan ṣubú. Òmíràn tẹ̀ lé e.

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ òfin tí wọ́n fi kọ́ gbogbo wa níṣẹ́, ẹ̀ṣọ́ àti afinimọ̀nà: má fọwọ́ kan iṣẹ́ ọnà. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fún àwòrán àti ère, òfin náà dára. Kò sẹ́nì kan tó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí iṣẹ́ ọnà bá ń mí.

Mo pe ọ̀gá wa lórí fóònù.

"Sà, àwọn ẹyẹ ń kú. Ẹ jẹ́ ká ṣílẹ̀kùn."

"Habibti, ọ̀wọ́n mi, ṣé o gbàgbé òfin ni? A kì í fọwọ́ kan iṣẹ́."

"Ẹyẹ ni wọ́n, sà."

"Nínú ilé yẹn, iṣẹ́ ni wọ́n. Mo ti kọ̀wé sí oníṣẹ́ ọnà. Òru ni lọ́dọ̀ tiwọn. Ó ń sùn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí i."

"Khalas, ó tán. Ẹ dúró de èsì."

Mo yíjú padà. Tọkọtaya kan dúró níwájú gíláàsì, ọkọ ń ya fọ́tò, omi sì lé ròrò sójú ìyàwó. Ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ó wọni lára gan-an. Ṣé bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ nìyí, kí wọ́n máa kú báyìí?"

Gbólóhùn tí mo há sórí kò bá ìbéèrè yẹn mu. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀, n kò tíì gbọ́ èyí tó rú mi lójú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ẹ̀yìn mi yọ, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àbúrò, yàgò."

"Ẹ̀gbọ́n, físà yín ńkọ́?"

"Mo ní kí o yàgò."

Ó ṣí i. Ooru tú jáde bí ìgbà tí a ṣí ààrò búrẹ́dì. Àwọn tó ṣì lẹ́mìí ta gìọ̀gìọ̀ jáde, wọ́n gbọn ìyẹ́, wọ́n fò gun orí ògiri. Àwọn àlejò sì pàtẹ́wọ́. Mo tún un wí: wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni mo kó òkú, tí mo sì kà wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi bu omi sí abọ́, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà gíláàsì. Nígbà tí oòrùn rọ̀, àwọn tó yè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí gbogbo wọn fi pé ìdí abọ́ náà. "Ṣé o rí wọn?" ni ó wí. "Wọ́n ti wálé." Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó sọnù.

Lọ́jọ́ kejì, ìwé kan wà lára ògiri ẹnu ọ̀nà. Ó ní nítorí àìbìkítà ẹ̀ṣọ́ kan tó ṣílẹ̀kùn láìgbàṣẹ, díẹ̀ nínú àwọn ẹyẹ fò lọ. Mo wọ ọ́fíìsì lọ tààrà.

"Sà, wọn kò fò lọ. Mẹ́tàdínlógún kú. Èmi ni mo kó wọn."

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Àwọn onígbọ̀wọ́ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Iye yẹn, má jẹ́ kí n gbọ́ ọ níta."

Wọ́n fòpin sí iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì fagi lé físà rẹ̀. Bó ti ń di ẹrù, ó ní, "Wọ́n ní ẹyẹ fò lọ, èmi gan-an ló wá ń fò lọ yìí." Ó rẹ́rìn-ín, èmi kò lè rín in. Kó tó jáde, ó bu omi fún ológbò funfun orí àtẹ̀gùn, ó sì pàṣẹ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí abọ́ náà gbẹ. Ẹni tí wọ́n ní kò bìkítà nìyẹn. Láti ìgbà náà, ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ tó bá fẹ́ gbà á padà sí Gulf, ìhà ilẹ̀ Lárúbáwá yẹn, máa ń kọ́kọ́ béèrè ìdí tó fi kúrò ní Sharjah, àìbìkítà yìí sì ni wọ́n máa ń gbọ́.

Àwọn àgbà wa ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá yẹrí lọ́jọ́ ìṣòro. Ẹyẹlé kò yẹrí. Ó padà wálé. Onílé ló yẹrí. Ti àkọ́kọ́ sá fún báńkì. Ti ìkejì gba ìyìn, ó sì lọ sùn. Ti ìkẹta sá pamọ́ sẹ́yìn ìwé ara ògiri.

Nítorí náà, ìwọ ọ̀gá tó kọ ìwé náà, àti ìwọ oníṣẹ́ ọnà tó kà á tí kò sì wí nǹkan kan, n kò bẹ̀ yín. Mò ń pè yín níjà. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ pé obìnrin yẹn kò jẹ̀bi àìbìkítà, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó bá fẹ́ gbà á síṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí ògiri tí ẹ lẹ irọ́ mọ́, kí ẹ kọ iye náà síbẹ̀, kó tóbi tó bí irọ́ yín ṣe tóbi: mẹ́tàdínlógún. Kí ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé wọ́n kú nígbà tí ẹ̀yin ń dúró de èsì.