Tíì Àárọ̀ Bàbá Ìbejì

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Ìyá Ìbejì ti ń sọ gbólóhùn kan náà fún aláìsàn: "Ẹ má mira o." Òun ló ń ya àwòrán ọkàn nílé ìwòsàn. Á gún èèyàn ní abẹ́rẹ́ oògùn onítànṣán, kámẹ́rà á sì máa wò ó bó ṣe ń bá ẹ̀jẹ̀ wọ inú iṣan ọkàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń yà á: lẹ́ẹ̀kan tí ọkàn bá sinmi, lẹ́ẹ̀kan tí oògùn mìíràn bá ti ṣí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ìgbà kejì yìí ni àléébù máa ń yọjú.

Ẹnu ló kó bá a. Níbi tí wọ́n ti ń jẹun lọ́jọ́ kan, ó fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ pa ọkọ rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó bá mu tíì láàárọ̀, oògùn kejì yẹn ò ní ràn án, àwòrán rẹ̀ á kàn máa dán bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Bàbá Ìbejì rẹ́rìn-ín, ó fi sínú.

Awakọ̀ akérò ni ọkùnrin náà. Látìgbà tí àyà ti dùn ún lórí ìrìn ni ọ̀gá rẹ̀ ti gba kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì, ó ní àfi tí dókítà bá fọwọ́ sí ìwé. Oṣù méjì ló fi jókòó sílé, ilé sú u. Ó sì ti ṣèlérí fún àwọn ìbejì pé òun lòun máa gbé wọn padà sílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, wọ́n bi í bóyá ó mu tíì. "Tíì kẹ̀? Omi lásán ni mo mu." Wọ́n fa oògùn kejì sí i lára. Àyà àwọn ẹlòmíì á wúwo, ojú wọn á gbóná, yẹ̀yẹ́ ni tiẹ̀ ń ṣe: "Ìyá Ìbejì, ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Àwòrán jáde, ó dán. Dókítà fa bírò yọ: "Màdáámù, ẹ bá wa dúpẹ́!"

Ìyá Ìbejì ò dúpẹ́. Iye ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ iṣan ọkàn wà lójú kọ̀ǹpútà níwájú rẹ̀. Ó yẹ kó ti di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, kò kúrò níbi tó wà. Ó mọ̀ pé bóun bá sọ̀rọ̀, ilé ò ní rọgbọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

"Dókítà, ẹ dákun, ẹ dúró ná. Ọkọ mi mu tíì."

Bàbá Ìbejì gbójú sókè, ó ń wo àjà. Dókítà ki bírò padà sápò.

Háà! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi bá ìyàwó rẹ̀ yan odì. Ọkọ̀ ẹlòmíì ló gbé àwọn ìbejì lọ. Bí obìnrin náà bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, á ní, "Lọ bi kámẹ́rà ẹ." Ó dun Ìyá Ìbejì dọ́kàn, balùwẹ̀ ló ti ń sunkún. Ṣùgbọ́n gbogbo tíì ilé pátá ló kó lọ síbi iṣẹ́, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì.

Nígbà tí wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe, bí oògùn ṣe wọlé ni ọkùnrin náà gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìyá Ìbejì, àyà mi wúwo o."

"Mo mọ̀. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má mira."

Apá kan ọkàn náà ṣú dùdù nínú àwòrán; ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ tó. Dókítà ní àwọn á la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ náà, pé kò tíì pẹ́ jù. Bàbá Ìbejì tẹjú mọ́ ibi tó dúdú yẹn.

"Ká ní wọ́n fọwọ́ sí ìwé yẹn lọ́jọ́sí ńkọ́?"

"Ẹ̀ bá ti wà nídìí ọkọ̀," Ìyá Ìbejì dá a lóhùn.

"Àwọn ìbejì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbé," Bàbá Ìbejì ní, ó sì bú sẹ́kún.