Odò Tí Adìyẹ Jẹ

Òórùn omi ẹ̀gẹ́ kíkan ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láàárọ̀ nílé wa ní Ìkẹ́nnẹ́. Gààrí ni ìyá mi ń ṣe tà. Àwọn àpò ẹ̀gẹ́ tí a ti rin máa ń wà lẹ́yìn ilé, òkúta ńlá lórí wọn, omi ara wọn á sì máa jò sínú ìkòkò kan. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, omi náà á ti tòrò, sítáàṣì funfun á ti dì sí ìsàlẹ̀. Èmi ni mo máa ń da omi orí rẹ̀ nù, tí mo máa ń fi ọwọ́ ha sítáàṣì náà kúrò. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígbà náà mọ bó ṣe máa ń dún létí bí èèyàn bá ń tẹ̀ ẹ́. Òun la fi ń mú kí aṣọ ilé ìwé dúró ṣánṣán, òun náà ni mo sì fi ṣe odò.

Kíláàsì kẹta ni mo wà, mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Tíṣà wa sọ pé àwọn òbí ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ wa, pé kíláàsì tiwa máa ṣe ọkọ̀ ojú irin àti ọ̀nà rẹ̀ sórí pátákó. Kò sí ìkankan nínú wa tó rí ọkọ̀ ojú irin rí, torí kò gba ọ̀dọ̀ wa ní Rẹ́mọ kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú irin ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Ó wà lára àwọn tó ń tún irin ṣe ní agbègbè afárá odò Ògùn l'Ábẹ́òkúta. Ó lè tó oṣù méjì kó tó wálé, bó bá sì dé, á sùn, á lọ wo oko, á tún padà. Kí n má parọ́, mo mọ àpótí rẹ̀ jù ú lọ.

Àwọn ọmọkùnrin ti já ọkọ̀ náà gbà kí tíṣà tó sọ̀rọ̀ tán. Agolo sadíìnì ni wọ́n fi ṣe é, ìdérí ìgò ni ẹsẹ̀ rẹ̀, igi ìgbálẹ̀ ni irin tó ń sáré lé. Ẹlòmíràn gba afárá. Tíṣà wá yíjú sí mi, ó ní, "Bọ́sẹ̀, ìwọ ni kó o ṣe odò." Ó dùn mí. Ta ló máa wo odò nígbà tí ọkọ̀ wà níbẹ̀?

Nígbà tó yá ni mo rò ó dáadáa. Bàbá mi ti rán awakọ̀ lọ́rí kan sí wa pé òun máa wà nílé lọ́jọ́ tí àwọn òbí ń bọ̀. Bó bá wo odò tí mo ṣe, tó sì dá a mọ̀ pé odò Ògùn ni, á jẹ́ pé èmi náà mọ ibi tó máa ń lọ. Ohun tí mo fẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò rò nǹkan mìíràn mọ́.

Omi gidi ni mo kọ́kọ́ bù sínú kòtò amọ̀ lórí pátákó. Kí a tó jẹun ọ̀sán tán, ó ti jò, pátákó ti wú. Ìyẹn ló jẹ́ kí n rántí sítáàṣì. Mo sè é, mo po búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun mọ́ ọn, torí búlúù ni gbogbo odò inú àwòrán ara ògiri kíláàsì wa. Inú mi dùn sí i gan-an. Ìyá mi dúró tì mí, àtẹ gààrí lórí rẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Ṣé o ti pọn omi búlúù rí?"

Lọ́jọ́ kejì tí a lọ fọ aṣọ lódò, ó ní kí n gbé aṣọ sílẹ̀ kí n wo omi. Gbólóhùn rẹ̀ kan wà tó máa ń sọ bí a bá ń ṣa ìdọ̀tí inú gààrí: "Ojú ni kó o fi wò ó, má fi ìkánjú wò ó." Ó tún un sọ lọ́jọ́ náà. Mo wò ó títí. Omi kò ní àwọ̀ kankan. Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ojú ń rí: iyanrìn pípọ́n létí odò, ewé jíjẹrà níwájú díẹ̀, lẹ́yìn náà dúdú níbi tó jìn.

Bí mo ṣe tún un ṣe nìyẹn. Mo kọ́kọ́ kun ìsàlẹ̀: amọ̀ ojú ọ̀nà létí, èédú lílọ̀ láàárín. Mo da iyanrìn díẹ̀ sí i, mo to òkúta wẹ́wẹ́ síbi tí òpó afárá máa dúró sí. Mo wá se sítáàṣì kó ṣàn, títí ó fi mọ́ gaara, mo dà á lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo jẹ́ kó gbẹ kí n tó da òmíràn. Èyí tí mo dà nípọn sán, mo sì ní láti hó o kúrò. Nígbà tí mo dà á lẹ́ẹ̀kẹta, tíṣà fi ìka kàn án láti mọ̀ bóyá ó tutù. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fi agolo wọn sílẹ̀, wọ́n wá wò ó.

Pátákó odò dá dúró, a máa ń fi sáàárín àwọn pátákó tó kù ni. Torí náà ni mo ṣe gbé e wálé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí n lè da èyí tó kẹ́yìn sí i. Láàárọ̀, mo gbé e síta kó yá oòrùn, mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo jáde, adìyẹ ìyá mi mẹ́rin wà lórí odò Ògùn, wọ́n ń ṣá a jẹ. Wọ́n ti ṣá a káàkiri, àgàgà níbi òpó afárá.

Mo jókòó sílẹ̀ mo sunkún. Ìyá mi lé wọn, ó wo pátákó, kò pariwo mọ́ mi. Ó ní, "Oúnjẹ lo gbé síta fún wọn. Kí lo fẹ́ kí wọ́n ṣe?" Ó wọlé, ó yọ ẹyin méjì nínú apẹ̀rẹ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn olè náà ń yé sí, ó fọ́ wọn, ó ya funfun rẹ̀ sọ́tọ̀, ó fún mi ní ìyẹ́ kan. Ó ní kí n fi kùn ún. Oòrùn mú un gbẹ kíákíá. Ó ń dán, ó sì rí págunpàgun níbi tí wọ́n ti ṣá a. Mo da aṣọ bò ó, mo gbé e lọ ilé ìwé lórí, mo ti gbà pé ó ti bàjẹ́.

Bàbá mi wọlé pẹ̀lú aṣọ kákí iṣẹ́ rẹ̀, eruku ọ̀nà ṣì wà lára rẹ̀. Gbogbo àwọn òbí rọ̀gbà yí agolo sadíìnì ká. Òun kọjá lára ọkọ̀, ó dúró síbi odò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan etí odò lábẹ́ òpó kejì. Ó ní, "Mo mọ ibí yìí. Ibí ni mo máa ń jókòó sí jẹun ọ̀sán. Bí omi ṣe máa ń já lára òpó nìyí gan-an." Ìyá mi wò mí, kò sọ ọ̀rọ̀ adìyẹ. Èmi náà ò sọ ọ́. Ayọ̀ tó wà nínú mi lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kí n lè jẹun.

Bàbá mi ti kú kí n tó wọ ọkọ̀ ojú irin fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìgbà ọyẹ́ ni. Nígbà tí a gun afárá náà, mo yọrí lójú fèrèsé. Àpáta ló kún ibẹ̀, omi díẹ̀díẹ̀ láàárín wọn, aṣọ tí wọ́n sá lórí wọn. Mo ní bóyá torí ọyẹ́ ni. Mo tún kọjá nígbà òjò: omi pupa, ó kún dé ibi gbogbo, kò sí etí odò tí èèyàn lè jókòó sí jẹun. Kò jọ odò mi rárá. Bẹ́ẹ̀ bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń pọ́n èèyàn. Bí wọ́n bá fi ọbẹ̀ ṣe é lálejò tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó, á sọ ọ́.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi to ọkọ̀ ojú irin ìṣeré rẹ̀ sí pálọ̀, ó da nǹkan kan láti inú ìgò sáàárín rẹ̀, ó ti dì, ó ń dán. Búlúù ni, búlúù aṣọ funfun gan-an. Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ wò ó. Ṣé ó jọ odò?" Ọ̀rọ̀ ìyá mi nípa omi búlúù ti dé ètè mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mo rò pé odò ni bàbá mi ń wò, àṣé èmi ló ń wò. Mo rọra kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún mi tó ń ro mí, mo fi ìka kan etí odò náà, mo ní, "Mo mọ ibí yìí."