Màmá Aláṣọ Tó Ń Rán Aṣọ Bá Ìrìn Mu

Ó di gbéré, Màmá Aláṣọ. Ó di inú oorun nìkan kí n tó tún gbọ́ ikọ́ yín. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Adó-Odò, obìnrin tó fi abẹ́rẹ́ sọ awakọ̀ di ọba, tó fi ìborùn kan sọ ọmọge Àjángbádì di ìyá arúgbó, ilé yín ní Òkòkòmáíkò ti dákẹ́. Máṣíìnì wà níbẹ̀. Àwọn aṣọ fíìmù ṣì so rọ̀ láti yàrá títí dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ti sójà, ti nọ́ọ̀sì, ti olè, ti bíṣọ́ọ̀bù. Gbogbo wọn ń wò mí bí ẹni pé èmi ni kí n sọ ibi tí ẹ lọ fún wọn.

Àǹtí Títí, àkọ́bí yín tó ń gbé Ìjànikin, ló ní kí n kọ ojú ewé yìí sínú ìwé ètò ìsìnkú yín. Wọ́n ní, "Bọ̀sẹ̀, ìwọ ọmọ ọmọ ẹ̀ lo bá a gbé jù. Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí o bá fi ìwé òkú màmá mi ṣe yẹ̀yẹ́, èmi pẹ̀lú ẹ ni." Mo ti gbọ́, mi ò ní ṣe yẹ̀yẹ́. Aṣọ tí ẹ máa wọ̀ lọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé wa ká, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ka ìwé yìí mọ bí a ṣe dé orí èyí tí ẹ wọ̀.

Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́.

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé mo lè sọ̀rọ̀ bíi wòlíì, bíi kọ́ńdọ́kítọ̀, bíi olùkọ́ ìṣirò tí kò jẹ́ kí n parí girama. Lọ́jọ́ kan, mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fi ohùn yín sọ fún àwọn ọmọọṣẹ́ pé kí wọ́n máa lọ sílé, iṣẹ́ ti parí. Wọ́n ti ń wá bàtà wọn kiri nígbà tí ẹ jáde láti balùwẹ̀. Ẹ ò nà mí. Ẹ kàn ní, "Ohùn mi lo jí, o ò tíì jí ikọ́ mi. Padà lọ kọ́ ọ." Ọjọ́ yẹn lẹ sọ mí ní Ayékòótọ́, ọjọ́ yẹn náà lẹ sì fún mi níṣẹ́.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Tí wọ́n bá fẹ́ ya fíìmù ní Ìbà, òṣèré lè wà ní Ìbàdàn, kó jẹ́ pé orí fóònù ni wọ́n ti máa fi ìwọ̀n ara rẹ̀ ránṣẹ́. Télọ̀ mìíràn á gé aṣọ, ó parí. Ẹ̀yin ò ní fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì. Ẹ ó ní, "Ara ń dúró sójú kan tí a bá ń wọ̀n ọ́n. Èèyàn kì í dúró sójú kan. Ayékòótọ́, dìde. Rìn bíi lándílọ́ọ̀dù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé ẹ̀." Mo rìn. "Rìn bíi ọlọ́pàá tí bàtà há mọ́ lẹ́sẹ̀." Mo rìn. "Rìn bí ìyàwó tó mọ̀ pé ọkọ òun ń yọjú wo òun láti fèrèsé." Ẹ ó jókòó sórí àpótí, pínnì á wà láàárín ètè yín, ẹ ò ní wo ojú mi rárá, ẹsẹ̀ mi lẹ máa wò. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ ó tó gé aṣọ.

Mo rántí agbádá lándílọ́ọ̀dù yẹn. Ẹ ní ìrìn mi dáa, àmọ́ aṣọ ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ẹ bá kọrí sí etí omi Ọ̀jọ́, ẹ ra òjé wẹ́wẹ́ tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n kó lè rì, ẹ rán an sínú etí agbádá yípo. Ọjọ́ tí wọ́n ń ya fíìmù, òṣèré náà kàn kẹ̀yìn sí àwọn ayálégbé rẹ̀ ni. Agbádá gbéra, ó yí bí ìgbà tí wọ́n bá gbá ilẹ̀kùn ńlá dé, ó sì padà wá balẹ̀ sí i lára jẹ́ẹ́. Ẹni tó di kámẹ́rà mú gbàgbé láti pa á. Nígbà tí fíìmù náà jáde, àwọn ọkùnrin Àjángbádì ń bá télọ̀ wọn jà pé agbádá tó ń gbá ilẹ̀kùn dé làwọn fẹ́. Àwọn télọ̀ fi sítáàṣì sí i títí, agbádá kọ̀, kò yí. Wọ́n wá bẹ̀ yín. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ fún wọn ní omi tútù mu, ẹ ò sọ àṣírí òjé fún wọn.

Èyí tó ń yà mí lẹ́nu jù ni ibi tí ẹ ti ń rí àrà. Ìyànà-Ìbà lẹ máa ń dúró sí ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń wọkọ̀, ẹ ó máa wo bí ayé ṣe múra. Ibẹ̀ lẹ ti rí ọlọ́kadà kan tó kọ ojú jákẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn wọ̀ ọ́, tí ẹnu ṣíìpù wà lẹ́yìn rẹ̀, kí atẹ́gùn má baà gbá a láyà. Ẹ ní kó dúró, ẹ yí i po bí ẹni ń wo ọkọ̀ tuntun. Kò pẹ́ tí ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ fún òṣèré tó ń ṣe ọmọkùnrin tó ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọmọ pásítọ̀. Ọ̀gá Dèjì, dírẹ́kítọ̀ tí ẹ ti ń bá ṣiṣẹ́ tipẹ́, fi ọwọ́ lérán. Ó ní, "Màmá, ṣé ọmọ yìí ò ní dígí nílé ni?" Ẹ dá a lóhùn pé, "Ó ní dígí. Ìfẹ́ ni ò jẹ́ kó rí i."

Fíìmù jáde. Ká tó wí ká tó fọ̀, àwọn ọmọkùnrin Òkòkòmáíkò tí kò gun ọ̀kadà rí ti ń kọ ojú jákẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú oòrùn, òógùn ń ro wọ́n lọ́rùn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èmi pẹ̀lú yín wá bá ọlọ́kadà àkọ́kọ́ yẹn pàdé. Òun gan-an ni, jákẹ́ẹ̀tì kan náà ni. Mo fi ohùn oníròyìn rédíò bi í pé, "Bọ̀ọ̀dá, níbo lẹ ti kọ́ irú ìmúra báyìí?" Ó fi ìyangàn dáhùn pé, "Inú fíìmù ni. Èyí tí bọ̀bọ́ yẹn ń fẹ́ ọmọ pásítọ̀. Ṣé ẹ ò tíì wò ó ni?"

Ẹ já mi ní èékánná kí n má baà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a délé lẹ ní, "Ìgboro ló yá fíìmù láṣọ, fíìmù sì ti yá ìgboro padà. Ta ló ni ín mọ́?" Mo ronú sí i títí, ó dà bíi dígí méjì tó kọjú síra wọn ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, tí o ò ní mọ èyí tí o kọ́kọ́ wò. Ẹ̀rù yín bà mí lọ́jọ́ náà, Màmá. Èèyàn kan jókòó sórí àpótí ní Òkòkòmáíkò, ó ń yí bí gbogbo ìlú ṣe ń rìn padà.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ láì sọ aṣọ tí ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ wọ̀ lọ.

Aṣọ mẹ́ta ló délé. Àǹtí Títí gbé léèsì aláwọ̀ ojú ọ̀run wá. "Màmá mi ò ní wọ nǹkan tó kéré sí èyí. Káyé mọ̀ pé ó bímọ." Ọ̀gá Dèjì gbé aṣọ olorì tí ẹ rán fún fíìmù dé, pẹ̀lú ìyùn rẹ̀. "Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi rán èyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ iṣẹ́ wọn lọ." Ìyá Ìjọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí ẹ ń lọ tẹ́ sútánà yín sórí àga. Wọ́n ní, "Títí, aṣọ funfun la fi mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá wọ aṣọ eré fún un, akọrin wa ò ní bá yín dé itẹ́ òkú."

"Kí wọ́n jókòó sílé wọn nígbà náà," ni Àǹtí Títí wí.

"Eré kẹ̀, Ìyá Ìjọ?" ni Ọ̀gá Dèjì wí. "Ọrẹ tí Màmá ń mú wá sílé Ọlọ́run, níbo lẹ rò pé wọ́n ti ń rí i?"

Ọ̀rọ̀ di gbẹ́nu-ẹ dákẹ́. Ìyá Ìjọ ti ń ká sútánà padà, Àǹtí Títí ti ń ṣílẹ̀kùn fún wọn. Mo rí i pé tí wọ́n bá fi lè jáde báyìí, ẹgbẹ́ kan nínú àwọn tí ẹ fẹ́ràn ò ní sin yín. Mo bá wú ikọ́ yín, èyí tí ẹ ní kí n lọ kọ́.

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ìyá Ìjọ di àga mú.

Mo ní, "Ẹ má bínú. Màmá ò gé aṣọ rí láì ní kí n rìn. Ẹ jẹ́ kí n rìn bíi Màmá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Òkú kì í rìn, Bọ̀sẹ̀," ni Àǹtí Títí wí. Wọ́n wo léèsì ọwọ́ wọn, wọ́n jókòó. "Ó dáa. Wọ̀ ọ́."

Mo wọ léèsì, mo rìn ìrìn yín. Ńṣe ló dà bí àlejò tó ń wá àga tí kò rí. Àǹtí Títí fúnra wọn ló ní, "Bọ́ ọ. Èmi ló jọ." Mo wọ aṣọ olorì. Màmá, ìrìn òṣèré yẹn lẹ ti rán mọ́ inú ẹ̀, kò sí àyè fún tiyín. Aṣọ ń lọ, ẹ ò sí níbẹ̀. Ọ̀gá Dèjì gbójú sílẹ̀. "Olorì nìyẹn. Kì í ṣe Màmá."

Mo wá wọ funfun, mo bọ́ bàtà. Mo tẹ̀ sí apá òsì díẹ̀, mo fi ọwọ́ òsì gbé etí sútánà bí ẹ ti máa ń gbé e. Àǹtí Títí fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ wọlé wá lójú gbogbo wa.

Ìyá Ìjọ ń sunkún. "Ẹ wo bó ṣe ń gbé etí aṣọ nítorí ìrẹ̀lẹ̀. Gbogbo obìnrin ìjọ wa ní Ìbà ló kọ́ ọ lára ẹ̀." Òótọ́ ni. Ọ̀gá Dèjì pàápàá ti fi kọ́ òṣèré tó ṣe wòlíì obìnrin nínú fíìmù, látìgbà náà sì ni àwọn ìyàwó tuntun ti ń gbé etí gáùn wọn bẹ́ẹ̀ níwájú pẹpẹ.

Mo dúró. Mo ní, "Ìyá Ìjọ, kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì wọn ló kúrú, látìgbà tí wọ́n ti ṣubú nígbà èwe. Aṣọ ń wọ́lẹ̀ lápá ibẹ̀, wọ́n ń gbé e kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́."

Gbogbo ẹwà tí ayé ń kọ́ yẹn, ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ló ti wá. Ẹ̀yin tí ẹ rán aṣọ bá ìrìn gbogbo èèyàn mu, ẹ ò ráyè ká etí tiyín. Mo ní, "Àǹtí, nínú pósí, ọwọ́ méjèèjì máa wà láyà. Ta ló máa bá wọn gbé etí aṣọ?"

Àǹtí Títí ní kí n mú abẹ́rẹ́ wá. Ìyá Ìjọ kọ́kọ́ ní aṣọ ìjọ kì í ga ju ara rẹ̀ lọ lápá kan. Ìgbà tó yá, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n di etí rẹ̀ mú. "Ká a sí i díẹ̀, Títí. Ó máa ń tẹ̀ gan-an tó bá ń jó." Ọ̀gá Dèjì di òwú mọ́wọ́. Ìránṣọ Àǹtí Títí kò dáa, Màmá. Ó rí gbàngbà gbàngbà. Ẹ máa fẹ́ kí wọ́n tú u. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú u.

Ẹ̀yin ará tó bá wo ojú wọn kẹ́yìn, ẹ ó rí i pé etí aṣọ náà ga lápá kan. Kì í ṣe àṣìṣe. Mo sì mọ̀ yín, kó tó pẹ́, ẹ ti máa ní kí télọ̀ rán tiyín bẹ́ẹ̀.

Màmá Aláṣọ, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọwọ́ òsì yín ti bọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ máa ju ọwọ́ méjèèjì bí ẹ ti ń lọ. Ẹ sùn re o.