Èrò Aránṣọ Nípa Ọkọ Tó Sọnù

Ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń yá ìwé, ẹni tó bá dá ìwé padà gbọ́dọ̀ sọ èrò rẹ̀ sókè kó tó gba òmíràn. Ìwé tí ìfẹ́ àti àdììtú lọ́ mọ́ra wọn ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù.

"Ìfẹ́ ti pọ̀ jù," nọ́ọ̀sì figbe ta lọ́jọ́ Sátidé kan. "Òkú ṣì wà nílẹ̀, wọ́n ń fẹnu konu!"

"Nọ́ọ̀sì, ìlara ló ń pa yín," ni onígbàjámọ̀ wí.

Ó ń ṣàwàdà ni, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọkọ aránṣọ àdúgbò wa ti jáde lọ síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì padà mọ́. Obìnrin náà ṣì ń rán ṣẹ́ẹ̀tì fún un lọ́dọọdún, ní ìwọ̀n ara tó ní nígbà náà. Lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, onígbàjámọ̀ sọ fún mi pé òun rí ọkùnrin náà ní ìlú mìíràn, tó gbé ọmọ kékeré sọ́rùn, àti pé lónìí lòun máa sọ fún aránṣọ.

Ó wá kan aránṣọ. Nínú ìwé tirẹ̀, ìyàwó kan wá ọkọ rẹ̀ tó sọnù títí tó fi bá a nílé obìnrin mìíràn.

"Èwo ló pọ̀ jù níbẹ̀, Màmá?" ni oníṣọ́ọ̀bù béèrè.

"Àdììtú ni kò tó. Wọn ì bá má jẹ́ kí ó rí i. Kó tó rí i, ó ṣì ní ọkọ."

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ yíjú sí onígbàjámọ̀: "Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ rí sí i?"

Ó wolẹ̀, ó ní òun ò tíì ka ìwé náà.