Ẹ̀rín Ìyá Ràìmí Tí Mo Fi Lé Ẹyẹ

Ìyá mi ṣì ń ṣe àlùwàlá ìrun òwúrọ̀ nígbà tí mo jáde nílé wa ní Ìbefun lọ́jọ́ Sátidé. Mo sọ fún un pé mò ń lọ kí Bàbá Ràìmí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ní Ìmùsìn. Ó ní, "Ìwọ? Láìṣe ọdún?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò sọ ohun tó gbé mi dìde. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń sá fún bàbá yẹn. Tí a bá lọ kí i lọ́jọ́ Iléyá, ẹ̀yìn èrò ni mo máa ń dúró sí.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà ní ibùdókọ̀. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni dé Ìjẹ̀bú-Òde. Lọ́dún tó kọjá, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni. Awakọ̀ fi fóònù síwájú, ó ń gbọ́ fíìmù tuntun ti olùdarí apanilẹ́rìn-ín tí gbogbo wa mọ̀. Kò yé rẹ́rìn-ín, kò sì yé kó sí kòtò títí a fi dé Odògbólú. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí ní, "Ilé ńlá àti ọkọ̀ ńlá ló kún inú èyí. Ti àtijọ́ ni fíìmù."

Awakọ̀ ní, "Màmá, ṣé ẹ wo ti àtijọ́ ni?"

"Ìwọ ò tíì hu eyín nígbà tí mo ti ń wò ó! Wo iwájú rẹ, jàre."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín.

Kí olùdarí náà tó di ọlọ́lá, ó wá sí Ìmùsìn pẹ̀lú kámẹ́rà kan àti jẹnẹrétọ̀ kan, ó sì fi àwọn ará ìlú ṣe òṣèré. Ìtàn ọkùnrin ahun kan ni, tó ń ru ìkòkò ọbẹ̀ lọ sóko kí ìyàwó rẹ̀ má baà rí ẹran mú níbẹ̀. Ìyá Ràìmí, ìyàwó bàbá tí mò ń lọ kí yìí, ló pàdé rẹ̀ lọ́nà. Gbólóhùn kan ni wọ́n fún un: "Ẹ kú ẹrù o." Bó ṣe sọ ọ́ tán báyìí ni ẹ̀rín gbé e, ó fi ìborùn bo ẹnu, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Olùdarí ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìyá náà kú, inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ló kù tó ti ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Àpótí dúdú pẹlẹbẹ ni. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán ni wọ́n ká sínú rẹ̀, ara okùn yẹn sì ni fíìmù wà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí wọ́n rán mi lọ bá Bàbá Ràìmí ṣọ́ ẹyẹ lóko ìrẹsì. Ariwo pípa àti òkò jíjù ni iṣẹ́ náà, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, bọ́ọ̀lù ló sì wù mí í gbá. Mo ti rí oko tí wọ́n ta okùn kásẹ́ẹ̀tì yí ká: atẹ́gùn á fẹ́ ẹ, á máa dán, á máa hó, ẹyẹ á sá. Ẹ̀rọ fídíò Bàbá ti bàjẹ́, mo rò pé páálí kásẹ́ẹ̀tì abẹ́ ibùsùn ti di pàǹtí. Mo tú mẹ́rin, n kò mọ̀ pé ti ahun náà wà nínú wọn, mo ta okùn wọn láti igi dé igi, mo lọ gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí Bàbá béèrè, mo ní ikán ló jẹ wọ́n.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo wọ kẹ̀kẹ́ igba náírà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Ganí, tó máa ń kó fíìmù inú kásẹ́ẹ̀tì sínú fóònù. Oṣù mẹ́ta ló fi bá mi wá ti ahun náà. Ó ní kí n kọ́kọ́ wò ó. Fíìmù náà ń ṣe wínníwínní bí òjò, ṣùgbọ́n mo rí Ìmùsìn ìgbà yẹn, òrùlé páànù tó ti pọ́n, ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, àwọn ọmọdé tó ń yọjú wo kámẹ́rà lẹ́yìn igi ọsàn. Lẹ́yìn náà mo rí Ìyá Ràìmí. Ẹ̀rín náà kò ju kí èèyàn ka ení títí dé ogún lọ. Bọ̀dá Ganí kó o sínú fóònù mi. Mo ra àkàrà lójú ọ̀nà, n kò rí i jẹ.

Ọkọ̀ Ìmùsìn gba ẹgbẹ̀ta náírà. Bàbá Ràìmí wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ẹ̀bà tútù jẹ ìkọ́kọrẹ́ àná. Nílé wa, gbígbóná la máa ń jẹ ẹ́. Bàbá ní èyí tó bá sùn ló dùn. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì.

"Ta nìyẹn?"

"Tàjú ni, sà."

"Tàjú! Kì í ṣe Iléyá, a ò sì sìnkú. Kí ló dé?"

Mo dọ̀bálẹ̀, n kò dìde. "Bàbá, kì í ṣe ikán ló jẹ kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Èmi ni."

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ikán! Ikán wo ló mọ okùn so mọ́ igi? Ṣé o rò pé n kò dé oko ni? Mo dúró sábẹ́ ẹ̀ títí òrùn fi wọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò nà mí, sà?"

"Mò ń dúró dè ọ́ ni. Mo rò pé ọjọ́ kejì lo máa wá. Ẹyẹ kankan ò bà lé ìrẹsì yẹn lọ́dún náà. Ìyá Ràìmí ló máa ń lé wọn tẹ́lẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé kò tíì fiṣẹ́ sílẹ̀."

Mo tan fóònù. Bàbá sún un mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, kò rí nǹkan kan. Ó wá gbé e sétí. Ẹ̀rín náà dé. Ó ní, "Tún un ṣe." Mo tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹta, òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ sọ ọ́ ni: "Ẹ kú ẹrù o."

Mo fi fóònù náà sílẹ̀ fún un, Ràìmí ọmọ rẹ̀ á máa bá a tàn án. Bàbá bu ìrẹsì sínú àpò fún mi. Bí mo ṣe gbé e lérí, ó ní, "Tàjú, o kú ẹrù o," ó sì rẹ́rìn-ín.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí mo fi délé. Ìyá mi ń ṣa òkúta inú ìrẹsì náà nígbà tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Owó ọkọ̀ láti Ìbefun dé Ìmùsìn kò tó ẹgbẹ̀rún méjì. Ká ní mo ti tètè wọkọ̀ ni, ojú Bàbá ì bá rí i.